Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n: Bàbá wọn ń lọ fún oṣù mẹ́sàn-án, ṣé kí n dá àwọn ọmọ padà sílé ìwé?

*Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o, Mà.*

*Texas là ń gbé, nítòsí Fort Hood. Sójà ni ọkọ mi, sájẹ́ǹtì ni wọ́n. Ọmọ mẹ́ta la bí: ọkùnrin ọmọ ọdún 9, obìnrin ọmọ ọdún 6, àti èyí tó ń sáré kiri inú ilé, tí kò tíì pé ọdún méjì. Láti oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni mo ti ń kọ́ àwọn méjì àkọ́kọ́ nílé. Èmi àti bàbá wọn la jọ fẹnu kò sí i, torí pé ilé ìwé mẹ́ta ni àkọ́bí wa ti wọ̀ láàárín ọdún mẹ́rin. Ibi tó bá ti ń mọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú la máa ń kó kúrò.*

*Nǹkan ń lọ dáadáa. Bàbá wọn ló ń kọ́ wọn ní ìṣirò lálẹ́ tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, èmi ń mójú tó ìyókù. Àfi bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n máa bọ̀ lókè òkun fún oṣù mẹ́sàn-án. Láti ọjọ́ tí a ti sọ fún àwọn ọmọ, àkọ́bí mi ò fẹ́ fojú kan ìwé ìṣirò mọ́. Tí mo bá ṣí i, á ní inú ń run òun. Lánàá, ó fa ojú ìwé kan ya. Àbúrò rẹ̀ ń bi mí ní àràárọ̀ bóyá òní ni Dádì ń lọ.*

*Ìyá ọkọ mi pè láti Ṣàgámù, wọ́n ní kí n dá wọn padà sílé ìwé kíákíá, pé obìnrin kan ò lè jẹ́ ìyá, kó jẹ́ bàbá, kó tún jẹ́ tíṣà. Ẹ̀rù ń bà mí pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. A sì tún ń gbọ́ ọ fìrìfìrì pé bí ọkọ mi bá dé, wọ́n lè gbé wa lọ sí New York. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.*

*Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Texas*

Àbúrò mi, o kú ìrọ́jú. Kí n tó dáhùn ohunkóhun: o kọ ọjọ́ tí ọkọ rẹ ń gbéra àti orúkọ ìlú tí wọ́n ń gbé e lọ sínú lẹ́tà rẹ. Mo ti yọ méjèèjì. Má tún kọ wọ́n síbì kankan mọ́, má sì sọ wọ́n lórí WhatsApp ẹbí. Mo mọ bí tiwa ṣe máa ń rí. Ìwọ á sọ fún ìyá ọkọ, ìyá ọkọ á ní kí wọ́n bá òun gbàdúrà fún ọmọ òun ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ilẹ̀ tó ṣú, ọjọ́ àti ibi tó ń lọ ti dé orí fóònù àádọ́ta èèyàn. Ọlọ́run tí wọ́n ń bẹ̀ mọ ọjọ́ náà, kò dìgbà tí a bá kọ ọ́. Kọ́ àwọn ọmọ pẹ̀lú. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n lọ́jà, “Dádì wà níbi iṣẹ́” ti tó.

Ní 2013 ni ọkọ mi wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, lábẹ́ ètò MAVNI tí wọ́n fi ń gba àjèjì tó gbọ́ èdè tí wọ́n nílò nígbà náà. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà. Èdè tí wọ́n fi ń nà wá nílé ìwé tí a bá sọ ọ́ lọ́jọ́sí, òun ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Láti ìgbà náà a ti gbé North Carolina, a gbé Jámánì, a gbé New York, ká tó dé ibi tí a wà yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti gbé e lọ, tó fi èmi àti ọmọ àti ìwé sílẹ̀. Ohun tí mo máa sọ fún ọ, ara mi ni mo ti kọ́ ọ.

Mi ò ní sọ pé kí o dá wọn padà sílé ìwé báyìí. Ilé ìwé kò burú, mo ní àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jẹ́ tíṣà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an. Ṣùgbọ́n bàbá wọn ń lọ. Bí o bá tún yí ilé ìwé wọn padà lọ́sẹ̀ kan náà, ohun méjì ló bọ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan. Tó bá di oṣù kẹta tí ó rẹ̀ ọ́ débi pé o ò lè dìde mọ́, ilẹ̀kùn ilé ìwé ìjọba kò tì, wàá mú wọn lọ, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Má kàn fi ìbẹ̀rù ṣe é lónìí.

Jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn, torí òun ni ọkàn mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀ látìgbà tí mo ti ka lẹ́tà yìí. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́: bàbá rẹ̀ ló ń kọ́ ọ ní ìṣirò lálẹ́. Lójú tirẹ̀, ìwé yẹn ni bàbá rẹ̀. Àwọn méjèèjì, pẹ́ńsù kan, iná tábìlì. Ta ni yóò wá jókòó sórí àga yẹn? Ìyẹn ló ń bi ọ́ nígbà tó fa ìwé ya.

Èmi ò mọ èyí nígbà àkọ́kọ́. Ní 2017 ni, a wà ní Fort Bragg. Wọ́n ti yí orúkọ bárékè yẹn padà sí Fort Liberty ní 2023, wọ́n sì tún dá a padà ní 2025, Bragg ni mo ń pè é ní tèmi látòkèdélẹ̀. Ọmọbìnrin mi àgbà jẹ́ ọmọ ọdún 7. Mo ní ilé yìí kò ní dojú rú torí pé bàbá kò sí. Aago mẹ́jọ àárọ̀, a ti wà lórí tábìlì. Aago méjìlá, oúnjẹ. Mi ò fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ tó ti pa títọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tì láti ọmọ ọdún 3 bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ lóru. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà bi mí pé kí ló yí padà nínú ilé. Mo ní kò sí nǹkan kan. Ọmọ náà ló gbé ojú sókè, ó ní, “Daddy left.” Mo sunkún nínú mọ́tò títí mo fi délé.

Nítorí náà, gbé ìwé ìṣirò yẹn pamọ́ títí bàbá rẹ̀ yóò fi lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, gbé e pamọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú ìrìnàjò, ẹ ti ilé ìwé pátápátá. Ọkọ rẹ yóò máa kó ẹrù, yóò máa fọwọ́ sí ìwé, ara rẹ̀ kò ní balẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba wákàtí tó bá wà nílé, kí àwọn ọmọ wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ ó san án padà nínú oṣù keje nígbà tí oòrùn Texas kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde. Àǹfààní tó ju gbogbo rẹ̀ lọ nínú ohun tí o ń ṣe yìí nìyẹn, àbúrò mi: ìwọ lo ni kàlẹ́ńdà. Ilé ìwé ìjọba kò lè ti ilẹ̀kùn nítorí pé bàbá ọmọ kan ń lọ sógun, ìwọ lè ṣe é. Nígbà tó bá dé tí wọ́n fún un ní ìsinmi, ẹ tún tì í. Jẹ́ kí lílọ àti bíbọ̀ ọkọ rẹ máa darí ilé ìwé yín, má ṣe máa fi tàwọn aládùúgbò wọn ọ́n.

Òfin Texas gbà ọ́ láyè. O ò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, kò sí ìdánwò tí o ń kó lọ hàn wọ́n. Kíkà, sípẹ́lì, gírámà, ìṣirò àti ẹ̀kọ́ ọmọlúàbí ìlú ni wọ́n ní kí o kọ́ wọn, látinú ìwé tàbí kọ̀ǹpútà tí a lè fojú rí, kí o sì ṣe é tọkàntọkàn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ láti 1994.

Ní ti ìṣirò fúnra rẹ̀, ra ìwé náà méjì. Ọ̀kan á wà lọ́wọ́ ọmọ, ọ̀kan á wọ inú báàgì bàbá rẹ̀. Kó tó lọ, kó jókòó sórí àga tábìlì yẹn kan náà, kí o fi fóònù ká a sílẹ̀ bó ṣe ń ṣàlàyé àwọn ibi tó le níwájú, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó dárúkọ ọmọ rẹ̀ nínú ẹ̀, kó ṣe àṣìṣe kó sì pa á rẹ́, bó ṣe máa ń ṣe. Tiwa fi pípín gígùn (long division) sílẹ̀ fún àwọn ọmọ lọ́nà yìí, ọmọkùnrin mi wo fídíò yẹn tó fi há ikọ́ tí bàbá rẹ̀ wú nínú rẹ̀ sórí.

Kí o sì gbé ìṣirò kúrò ní alẹ́. Jẹ́ ká kàn sọ pé ibi tí ọkọ rẹ ń lọ fi wákàtí méje ṣáájú Texas. Aago méje alẹ́ tí wọ́n ti mọ́ra láti máa ṣe é, aago méjì òru ni lọ́hùn-ún. Aago mẹ́jọ àárọ̀ tiyín, aago mẹ́ta ọ̀sán ni níbẹ̀, ó lè rí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lọ́jọ́ tó bá pè, kí wọ́n jọ ṣe ìbéèrè méjì péré. Lọ́jọ́ tí kò bá pè, kí ẹ má dúró dè é. Iṣẹ́ ológun ni, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ, wọ́n á gbé e lọ sí pápá fún ọjọ́ mẹ́wàá láìsọ, ọmọ tó bá sì ti fi gbogbo ọkàn sórí ìpè aago mẹ́jọ á ti bàjẹ́ fún gbogbo ọjọ́ náà.

Èyí mú mi rántí ẹ̀wà. Nígbà kejì tó lọ, mo ka hóró ẹ̀wà 270 sínú ìgò, ẹ̀wà olóyin, mo ní kí àwọn ọmọ máa yọ ọ̀kan lálaalẹ́, pé nígbà tó bá tán Dádì á dé. Ó ku hóró mọ́kànlá nígbà tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún kún un fún wọn. Mo ní láti ka ẹ̀wà 35 padà sínú ìgò lójú àwọn ọmọ. Ìgbà kẹta, ìgò òfìfo ni mo gbé kalẹ̀. Hóró kan ń wọlé lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, fún ọjọ́ tí a ti là kọjá. Bí wọ́n bá fi ọ̀sẹ̀ kún un, ìgò kàn ń kún sí i ni. Lọ́jọ́ tó dé, òun fúnra rẹ̀ ló ṣà á, a sì sè é jẹ. Ṣe tìrẹ báyẹn.

Ìyá ọkọ rẹ. Màmá sọ òótọ́ o: obìnrin kan ò lè jẹ́ ìyá, kó jẹ́ bàbá, kó tún jẹ́ tíṣà. Má gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ló yẹ kó dá wọn lóhùn. Ọkọ rẹ ni kó pe ìyá rẹ̀ kó tó lọ, kó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé “Màmá, èmi àti ìyàwó mi la jọ pinnu ẹ̀, èmi ni mo sì ní kó máa bá a lọ.” Bó bá lọ láìsọ ọ́, oṣù mẹ́sàn-án ni wàá fi máa jẹ́jọ́ ohun tí ẹ jọ ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, fún Màmá níṣẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ka ìdáhùn mi sí lẹ́tà tó tẹ̀lé èyí, wàá rí irú iṣẹ́ tí mò ń sọ.

Kí o sì gba ìrànlọ́wọ́ tí owó iṣẹ́ ọkọ rẹ ti san. Ilé ìtọ́jú ọmọdé inú bárékè máa ń gba ọmọ fún wákàtí díẹ̀. Mú àbíkẹ́yìn lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí o rójú kọ́ àwọn yòókù. Tutor.com, níbi tí tíṣà ti ń kọ́ ọmọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ sójà tẹ́lẹ̀, títí kan ọmọ tí à ń kọ́ nílé; kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ṣì rí bẹ́ẹ̀. Military OneSource, ètò ìrànlọ́wọ́ fún ìdílé sójà, ní àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn ènìyàn, ọ̀fẹ́ ni. Mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, tí ẹnìkan bá ní kí o lọ bá àjèjì sọ̀rọ̀ ilé rẹ, wàá rò pé wèrè ló ń pè ọ́. Mo rò bẹ́ẹ̀ náà. Obìnrin tó gbọ́ tèmi kò mọ Ṣàgámù, kò mọ ẹ̀wà olóyin, ṣùgbọ́n ọkọ tirẹ̀ náà ti lọ rí, ó sì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

Ìwé méjì kí ọkọ rẹ má gbàgbé kó tó gbéra. Àkọ́kọ́ ni power of attorney, kí o lè fọwọ́ sí nǹkan lórúkọ rẹ̀. Àwọn lọ́yà inú bárékè ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Èkejì: ọmọkùnrin rẹ ń lọ sí ọdún 10, ọjọ́ orí yẹn ni àwọn ọmọ sójà ń gba káàdì ìdánimọ̀ tiwọn. Kí bàbá rẹ̀ fọwọ́ sí fóọ̀mù DD 1172-2 sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á ní kí o lọ mú un wá láti òkè òkun.

New York ńkọ́? Á yà ọ́ lẹ́nu. Kò jọ Texas rárá. Láàárín ọjọ́ 14 tí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn níbẹ̀, o gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ọ̀gá ilé ìwé àgbègbè. Wàá kọ ètò ẹ̀kọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan fún gbogbo ọdún ránṣẹ́, wàá fi ìjábọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹrin tẹ̀lé e lọ́dún, wàá sì fi àyẹ̀wò ìparí ọdún kún un. Wákàtí 900 lọ́dún ni fún kíláàsì 1 dé 6, ó di 990 láti kíláàsì 7. Ẹni tó bá ti North Carolina lọ síbẹ̀ bíi tèmi, níbi tó jẹ́ pé o kàn ń fi orúkọ ilé ìwé rẹ ránṣẹ́, kí o ní ìwé ẹ̀rí girama, kí o sì máa ṣe ìdánwò kan lọ́dún, á rò pé ìlú mìíràn lòun wọ̀. Ní Jámánì ẹ̀wẹ̀, òfin wọn kò gbà kí ọmọ Jámánì má lọ sílé ìwé rárá. Àdéhùn NATO ni kò jẹ́ kí ó kan àwa ìdílé sójà Amẹ́ríkà. Obìnrin aládùúgbò mi níbẹ̀ máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní àárọ̀, tí á máa wo àwọn ọmọ mi tìyanu-tìyanu.

Nítorí New York yìí, ra ìwé àkọsílẹ̀ kan lónìí. Lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, kọ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe àti wákàtí tó gbà, ìlà méjì péré. Nígbà tí ẹ bá ń kó, má kó ìwé yẹn fún àwọn akẹ́rù. Ọwọ́ rẹ ni kó wà. Àpótí ìwé tèmi dé lẹ́yìn oṣù méjì, ó rin gbingbin.

Ohun kan tó kù. Tí bàbá wọn bá dé, má gbé ìwé ìṣirò lé e lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2018, mo ti ń wá ẹni tí màá gbé e fún. Bó bá bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè, wọ́n á kọ́kọ́ wojú mi kí wọ́n tó dá a lóhùn. Mo rí bó ṣe dùn ún tó, kò sọ ọ́. Oúnjẹ àárọ̀ ni mo padà fún un: òun ló ń din àkàrà, òun ló ń kó wọn lọ sí láìbìrì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọbìnrin wa fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé lọ bá a.

*Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin wà ní Georgia pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ sójà. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì kò lọ sílé ìwé, ó ní òun ló ń kọ́ wọn. Èmi tí mo ta aṣọ kí òun tó kàwé! Ṣé ọmọ yìí kò ti ba ayé àwọn ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ báyìí?*

*Ìyá Àgbà, Mọ́níyà, Ìbàdàn*

Màmá, mo kúnlẹ̀, Mà. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Aṣọ tí ẹ tà yẹn kò ṣòfò. Ìwé tí ẹ fi rán an ló ń fi kọ́ wọn.

Ìjọba Georgia mọ̀ nípa wọn, Mà. Ọdọọdún ni ọmọ yín ń kọ̀wé sí wọn pé òun ń kọ́ àwọn ọmọ nílé. Ọjọ́ 180 ni òfin ní kó fi kọ́ wọn lọ́dún, wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ lóòjọ́, ìṣirò, kíkà àti èdè, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ti àwùjọ. Láti ìparí kíláàsì kẹta, wọ́n ní láti ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Ọmọ yín kò jókòó lásán. Bó ṣe ń gbọ́únjẹ ló ń gbọ́ ìwé kíkà, bí ọkọ bá sì lọ, òun nìkan ni.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín ni pé kí ẹ bá a gba ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ní ọjọ́ Wẹ́sídeè, ẹ̀yin ni tíṣà. Aago mẹ́ta ọ̀sán ní Ìbàdàn, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn lákòókò ooru, mẹ́sàn-án sì ni lákòókò òtútù. Kí ẹ pè wọ́n lórí fídíò. Ẹ ki oríkì wọn kí wọ́n kì í tẹ̀lé yín. Ẹ pa àlọ́ kan, kí ẹ má parí ẹ̀, ẹ fi ìyókù dá ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ sì kọ́ wọn ní ònkà wa. Ọmọkùnrin mi kò mọ àyọkúrò rárá, àfìgbà tí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹja gbígbẹ pẹ̀lú rẹ̀ lórí fóònù: mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún, ó wá rí i pé ogún ni wọ́n ń yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ ní kí wọ́n tú márùndínláàádọ́ta fún yín: ogún mẹ́ta, kí a yọ mẹ́wàá, kí a tún yọ márùn-ún. Ẹ má sọ ọ́ fún wọn, Mà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá a fúnra wọn, kí wọ́n pè yín padà.